Ihò Dúdú Tó Ń Gba Àtàrí Ìsẹ́yìn Kọjá

Ní òru tó mọ́jú ọjọ́ 7 Oṣù Keje ọdún 2018, nígbà tí agogo méjìlá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù kọjá, ohun kan dúró gangan sí àtàrí Ìsẹ́yìn. Ẹni tó bá tẹ́ ẹní sí ojúde lálẹ́ ọjọ́ náà, tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, tó sì tẹjú mọ́ àárín méjì ọ̀run, ibẹ̀ gan-an ni ojú rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n kò ní rí i. Oṣù òjò ni Oṣù Keje ní Òkè-Ògùn, agbègbè wa ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìkùukùu kì í sábà jẹ́ ká rí ìràwọ̀. Bí ọ̀run bá sì mọ́ fífí pàápàá, ohun tí à ń wí yìí kò tàn tó ohun tí ojú lásán lè rí. Síbẹ̀, lóru ọjọ́ yẹn kan náà, irinṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ dojú kọ ibi kan ṣoṣo yìí láti orí ilẹ̀ àti láti òfuurufú, nítorí pé ohun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tu iná jáde sí ìhà méjì, pẹ̀lú eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìmọ́lẹ̀.

MAXI J1820+070 ni orúkọ tí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ihò dúdú ni, ìràwọ̀ kan sì ń bá a gbé. Ìdí tó fi ń gba àtàrí wa kọjá kò le láti yé ni. Bí a ṣe ń ka ìlà sórí ilẹ̀ ayé láti agbedeméjì lọ sí àríwá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń kà á sójú ọ̀run. Ìwọ̀n 7 lé díẹ̀ sí àríwá ni ihò dúdú yìí wà. Ìsẹ́yìn wà ní ìwọ̀n 8 ó dín díẹ̀. Ṣakí wà ní ìwọ̀n 8 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Nítorí náà, lójoojúmọ́, ìbáà ṣe ọ̀sán ìbáà ṣe òru, orí Òkè-Ògùn ni ó ń gbà kọjá, láti orí oko ẹ̀gẹ́ dé orí òkè Àsàbàrí.

Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ohun tó wà lókè orí ẹni, ó yẹ kí ẹni mọ̀ ọ́n. Àwọn baba wa mọ àgùàlà, wọ́n pè é ní ajá òṣùpá. Ó yẹ kí ọmọ tiwa náà mọ ohun tí ìran tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ rí.

Ọ̀fun kan àti ìràwọ̀ kan

Ihò dúdú kì í ṣe ihò bí ihò òkété. Ìràwọ̀ ńlá kan ló kú, tí ara rẹ̀ wó lé ara rẹ̀ lórí, tó fún pọ̀ dé ibi tí òòfà rẹ̀ kò fi jẹ́ kí ohunkóhun tó bá sún mọ́ ọn jù bọ́ mọ́, títí kan ìmọ́lẹ̀. Èyí tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wúwo tó nǹkan bí oòrùn wa méje tàbí mẹ́jọ. Fífẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Nǹkan bíi kìlómítà 40 sí 50 péré. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Ìsẹ́yìn dé Ọ̀yọ́ rí ti mọ bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó. Oòrùn kan ṣoṣo tí à ń rí lọ́sàn-án yìí fẹ̀ ju mílíọ̀nù kìlómítà kan lọ. Ká wá kó méje irú rẹ̀ jọ, ká kì wọ́n mọ́ àárín Ìsẹ́yìn sí Ọ̀yọ́. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Kò sí ọ̀fun tí ọ̀rọ̀ náà bá mu tó eléyìí.

Ìràwọ̀ tó ń bá a gbé fúyẹ́ ju oòrùn wa lọ, kò sì gbóná tó o. Àwọn méjèèjì ń yí ara wọn po ní wákàtí 16 àti ààbọ̀. Ayé wa yìí ń lo odidi ọdún kan kó tó yí oòrùn po. Àwọn wọ̀nyí á ti yípo kan tán kí ilẹ̀ tó ṣú kó tó mọ́. Ìsúnmọ́ra yìí ló fa wàhálà. Òòfà ihò dúdú ń fa ìràwọ̀ náà ní apá tó kọjú sí i, gáàsì ara rẹ̀ sì ń yọ́ ṣàn lọ síbẹ̀ bí omi ṣe ń wá ibi tó rẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n gáàsì náà kì í já gbáà sínú ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ti da omi sínú àrọ rí á ti ṣàkíyèsí pé omi náà máa ń yí ká àrọ ná, kó tó wọ inú ìgò. Bẹ́ẹ̀ ni gáàsì yìí ṣe ń yí ká ihò dúdú, tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Èyí tó wà lápá inú ń sáré ju ti ẹ̀yìn lọ, àwọn méjèèjì sì ń ra ara wọn bí wọ́n ti ń kọjá. Nínú ọyẹ́, bí òtútù bá mú wa, ṣebí ọwọ́ méjì la fi ń ra ara wọn kó lè gbóná. Gáàsì náà ń gbóná lọ́nà kan náà, bó sì ṣe ń gbóná ló ń pàdánù agbára tó fi ń yí, tó sì ń rọra sún mọ́ ọ̀fun.

Iná tó ń tinú ìṣubú yìí jáde lágbára ju iná tó ń jó nínú oòrùn lọ. Nínú oòrùn, bí a bá jó ìwọ̀n gáàsì haidirójìn 1,000, kò ju nǹkan bíi 7 lọ tó ń di agbára. Ohun tó bá ń yí wọ inú ihò dúdú lè sọ nǹkan bíi 100 nínú 1,000 di agbára kó tó wọlé. Ìdí nìyí tí ohun tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ dúdú fi wà lára ohun tó tàn jù lójú ọ̀run. Ihò náà kò tàn. Oúnjẹ tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló ń tàn.

Ohun tí mo rí ní àgbẹ̀dẹ

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, mo jókòó lórí àpótí lẹ́nu àgbẹ̀dẹ kan ní Ṣakí. Ọmọkùnrin kan ń fín ẹwìrì. Bàbá àgbẹ̀dẹ fi ẹ̀mú di irin ọkọ́ kan mú nínú èédú, wọn kò wo ojú ẹnikẹ́ni, irin náà nìkan ni wọ́n ń wò. Ó kọ́kọ́ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Mo rò pé wọ́n á fà á yọ, wọn kò fà á. Ó di bí ọsàn tó pọ́n, wọ́n fà á yọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú.

Mo ní, “Bàbá, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó?”

Wọ́n ní, “Ojú la fi ń mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Bó bá pupa, kò ì tíì jinná. Bó bá pọ́n bí ọsàn, mo lè tẹ̀ ẹ́. Bó bá wá funfun, tó ń ta pàrà, ìgbà yẹn ni mo lè jó o mọ́ irin mìíràn.”

Gbogbo ẹ̀kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀ ihò dúdú ló ti wà nínú gbólóhùn mẹ́ta yẹn. Àwọ̀ ni ń sọ ìgbóná. Irin tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ ti gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 800 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tó ń funfun ti kọjá 1,200. Ojú oòrùn gbóná tó bíi 5,500. Bí ìgbóná bá ti kọjá iyẹn lọ fíìfíì, ìmọ́lẹ̀ náà á kúrò nínú ohun tí ojú ènìyàn lè rí, á di irú ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun wa ní ilé ìwòsàn, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí X-ray. Apá inú àwo gáàsì tó yí ihò dúdú ká máa ń gbóná dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 10. Ìyẹn ni wọ́n fi ń pe irú ìràwọ̀ méjì bẹ́ẹ̀ ní ìràwọ̀ méjì oní-X-ray.

Ọ̀nà méjì gbòógì ni ihò dúdú bẹ́ẹ̀ ń gbà jẹun, àwọn onímọ̀ sì fún un ní orúkọ méjì: ipò rírọ̀ àti ipò líle. Ní ipò rírọ̀, àwo gáàsì náà tẹ́ dé tòsí ọ̀fun, ó ń tàn bí irin inú èédú, X-ray rẹ̀ kò sì le jù. Ní ipò líle, ohun mìíràn ló ń tàn ju àwo lọ. Gáàsì kan wà nítòsí ọ̀fun tó fẹ́lẹ́, tó gbóná dé nǹkan bíi bílíọ̀nù kan lórí òṣùwọ̀n wa. Bí ìmọ́lẹ̀ àwo bá kọjá nínú rẹ̀, ó máa ń ta á nídìí, á wá di X-ray tó le, tó lágbára. Adé ni àwọn onímọ̀ fi èdè Látìn pe gáàsì yìí. Orúkọ náà sì yẹ ẹ́, nítorí pé láti ibẹ̀ la ti ń mọ irú ìjọba tó ń lọ lọ́wọ́.

Òmìnira láti etíkun Kẹ́ńyà

Afẹ́fẹ́ ayé wa kì í jẹ́ kí X-ray ojú ọ̀run dé ilẹ̀. Oore ńlá ni fún ẹ̀mí wa, ṣùgbọ́n ìdènà ni fún ìmọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ gbé irinṣẹ́ rẹ̀ kọjá afẹ́fẹ́. Ilẹ̀ Áfíríkà sì kópa níbẹ̀. Ní ọjọ́ 12 Oṣù Kejìlá ọdún 1970, wọ́n ju sátẹ́láìtì kan sókè láti orí pèpéle kan tó wà nínú òkun ní tòsí Málíńdì ní Kẹ́ńyà. Ọjọ́ náà jẹ́ àyájọ́ òmìnira orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, wọ́n sì sọ sátẹ́láìtì náà ní Uhuru, èyí tó túmọ̀ sí òmìnira ní èdè Swahili. Òun ni sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí a ṣe fún wíwo X-ray ojú ọ̀run nìkan. Riccardo Giacconi, tó darí iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2002.

Uhuru ló kọ́kọ́ rí i pé ihò dúdú ń yí ìwà padà. Cygnus X-1 ni wọ́n ń wò, èyí tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti kọ́kọ́ rí X-ray rẹ̀ ní ọdún 1964. Láàárín Oṣù Kẹta sí Oṣù Kẹrin ọdún 1971, X-ray rírọ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀, èyí tó le sì gòkè. Lásìkò kan náà, àwọn tó ń fi awò rédíò wo ojú ọ̀run rí i pé ohùn rédíò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀, níbi tí kò ti sí tẹ́lẹ̀. Ohùn rédíò yìí ló fi ibi tí nǹkan náà wà gan-an hàn. Lọ́dún yẹn kan náà, Louise Webster àti Paul Murdin ní Ìlú Ọba, àti Tom Bolton ní Kánádà, rí i pé ìràwọ̀ tó wà níbẹ̀ ń yí ohun kan po tí a kò rí, tó sì wúwo ju bí òkú ìràwọ̀ tí kì í ṣe ihò dúdú ṣe lè wúwo tó lọ. Òun ni ihò dúdú àkọ́kọ́ tí aráyé gbà pé ihò dúdú ni lóòótọ́.

Ìbéèrè kan wá dìde. Kí ló da ìyípadà X-ray àti ohùn rédíò pọ̀? Lónìí a ti mọ̀ pé ohùn rédíò náà ń ti inú ohun tí ihò dúdú ń tu dànù jáde. Nínú gbogbo ohun tó ń ṣàn bọ̀ lọ́nà ọ̀fun, apá kan kì í wọlé. Ó ń yí padà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń tú jáde sókè àti sísàlẹ̀ bí ọ̀pá iná méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ní ipò líle, ọ̀pá iná náà ń tú jáde láìdáwọ́ dúró, a sì ń gbọ́ ohùn rédíò rẹ̀ kedere. Ní ipò rírọ̀, ó máa ń kú, rédíò á sì dákẹ́. Ní ààlà àárín méjèèjì ni nǹkan ti ń bú.

Ìsédò tó kún

Àwọn tó ń gbé nítòsí ìsédò Ikere Gorge lórí odò Ògùn mọ bí omi ṣe ń kó ara rẹ̀ jọ. Òjò á rọ̀ lókè lọ́hùn-ún, omi á máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ẹni tó ń wo ògiri níwájú kò ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tó bá kún dé etí, tí wọ́n ṣí i, gbogbo ìsàlẹ̀ odò ni yóò gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni MAXI J1820+070 ṣe wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, gáàsì ń kó jọ sínú àwo rẹ̀, ó tutù, kò yára ṣàn. Bó bá wá pọ̀ dé ibi tí ìgbóná rẹ̀ fi tó nǹkan bíi 10,000, gáàsì haidirójìn náà á yí ìwà padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ra ara rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìsédò á sì ya. Ohun tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ á ṣàn wọlé láàárín oṣù díẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ àwọn fọ́tò àtijọ́ wò, èyí tí wọ́n yà sórí gíláàsì tí wọ́n sì tọ́jú, wọ́n rí i pé ìsédò yìí ti ya rí ní ọdún 1898 àti ní ọdún 1934. Ó ṣeé ṣe kó ti ya lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín ìgbà náà sí 2018 kí ojú ẹnikẹ́ni má tó o.

Ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹta ọdún 2018, ọ̀wọ́ àwọn awò kéékèèké kan tí wọ́n ń pè ní ASAS-SN, tó ń yẹ gbogbo ojú ọ̀run wò lóru, rí i pé ìràwọ̀ kan ń tàn níbi tí kò yẹ. Ní ọjọ́ 11 oṣù kan náà, MAXI, irinṣẹ́ àwọn ará Jàpáàn tó wà lórí ibùdó òfuurufú àpapọ̀ àgbáyé, rí X-ray rẹ̀, òun ló sì fi orúkọ fún un. Ìsédò ti ya.

Ipò líle ló fi bẹ̀rẹ̀. Irinṣẹ́ mìíràn lórí ibùdó òfuurufú kan náà, tó ń jẹ́ NICER, tẹjú mọ́ ọn. Onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Erin Kara, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọgbọ́n kan tí ọdẹ inú igbó á lóye: gbohùngbohùn. Bí ènìyàn bá pariwo níwájú àpáta, bí ohùn ṣe pẹ́ tó kó tó padà ló ń sọ bí àpáta náà ṣe jìnnà tó. X-ray adé ń tàn lu àwo, ó sì ń ta padà. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń kọjá, ìdádúró gbohùngbohùn náà ń kúrú sí i. Àwo kò kúrò níbi tó wà. Adé ló ń sún kì, tó ń fún pọ̀ mọ́ ìdí ọ̀fun. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé Nature ní ọdún 2019.

Nígbà tí onílù yí ìlù padà

Nígbà tí Oṣù Keje wọlé, ihò dúdú náà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní ipò líle lọ sí ipò rírọ̀. X-ray irú rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́. Ó máa ń gbọ̀n, ó ní ìlù tirẹ̀ tó ń lù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 6, nígbà tí ihò dúdú náà ń yọ láti ìlà-oòrùn Ìsẹ́yìn, NICER rí i pé ìlù náà yí padà lójijì. Ohùn rédíò rẹ̀ sì bú sókè ní nǹkan bíi wákàtí méjì lẹ́yìn náà. Onílù ti yí ìlù padà, oníjó sì yí ijó. Kí agogo méjìlá òru tó lù, tí ohun náà fi dé àtàrí Ìsẹ́yìn, ọ̀pá iná náà ti fò kúrò lẹ́nu ọ̀fun.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín. Ihò dúdú náà jìnnà sí wa tó nǹkan bí ìrìn 10,000 ọdún fún ìmọ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n rí lọ́jọ́ náà ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ Ọ̀yọ́-Ilé dó. Ìròyìn rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ibi tí wọ́n ti gba ìròyìn náà. Ní aṣálẹ̀ Karoo ní Gúúsù Áfíríkà, àwo rédíò 64 wà tí wọ́n ń jẹ́ MeerKAT, ìkọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ tó mítà 13 àti ààbọ̀. Joe Bright ti Yunifásítì Oxford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo MeerKAT pẹ̀lú àwọn awò rédíò mìíràn láti tọpa ohun tó fò jáde náà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n rí méjì, ọ̀kan ń bọ̀ wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa, èkejì ń lọ. Èyí tó ń bọ̀ dà bí ẹni pé ó ń sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń lé ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ bọ̀ kíkankíkan ni, ó sì tan ojú jẹ. Eré rẹ̀ gan-an ju ìdá 80 nínú 100 ti ìmọ́lẹ̀ lọ. Wọ́n tún rí i pé agbára tó wà nínú ohun tó tú jáde náà pọ̀ ju èyí tí ìbúgbàù rédíò àkọ́kọ́ fi hàn lọ fíìfíì. Lẹ́yìn náà, láti Oṣù Kọkànlá ọdún 2018 sí Oṣù Kẹfà ọdún 2019, awò X-ray Chandra ya àwòrán àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹ́rin bí wọ́n ti ń jìnnà sí ara wọn.

Kí ló ń ta iná jáde lẹ́nu ohun tí kì í jẹ́ kí nǹkan jáde? Ìlú Ìsẹ́yìn tó ń hun aṣọ òkè á tètè lóye ìdáhùn rẹ̀. Ìyá àgbà tó ń ran òwú á fi ẹfun pa ìka, á fọwọ́ ta kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ á máa yí, òwú tó so mọ́ ọn á máa lọ́, á máa le sí i. Gáàsì tó ń yí ká ihò dúdú ní okùn òòfà máginẹ́ẹ̀tì nínú. Bí àwo ṣe ń yí, tí ihò dúdú fúnra rẹ̀ náà ń yí, okùn yìí ń lọ́ bí òwú lórí kẹ̀kẹ́. Ó ń lọ́ gba òkè àti ìsàlẹ̀, ó ń le, ó sì ń ti gáàsì tó wà lẹ́nu ọ̀nà jáde kó tó wọ ibi tí a kì í ti í bọ̀. Roger Blandford àti Roman Znajek ló fi ìṣirò hàn ní ọdún 1977 pé yíyí ihò dúdú fúnra rẹ̀ lè fún ọ̀pá iná bẹ́ẹ̀ lágbára.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ihò kékeré nìkan. Ní àárín gbùngbùn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ńláńlá, ihò dúdú wà tó wúwo ju oòrùn lọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù tàbí bílíọ̀nù. Àwọn náà ń jẹun, àwọn náà ń tu ọ̀pá iná jáde, ọ̀pá iná wọn sì lè dí ìbí ìràwọ̀ tuntun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ihò ńlá ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ṣe, irú èyí tó ń gba àtàrí wa kọjá ń ṣe é tán láàárín oṣù díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwà àgbà, kó wo ọmọ tó tètè ń dàgbà.

Tiwa ńkọ́?

Ọmọ Nàìjíríà ti wà nínú iṣẹ́ yìí tipẹ́. Samuel Okoye, tó lọ kàwé ní Cambridge, òun àti Antony Hewish ló kọ ọ́ ní ọdún 1965 pé ohun kékeré kan tó ń fọ rédíò wà láàárín ìdọ̀tí ìràwọ̀ kan tó bú, èyí tí wọ́n ń pè ní Crab. Nígbà tó yá ni wọ́n mọ̀ pé òkú ìràwọ̀ tó ń yí bí òòyì ni. Okoye padà sílé, ó sì dá ẹ̀kọ́ ìràwọ̀ sílẹ̀ ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka.

Gánà tó wà nítòsí wa níbí ti lọ síwájú. Ní Kuntunse lẹ́bàá Accra, àwo sátẹ́láìtì kan tó fẹ̀ tó mítà 32 wà, tí wọ́n ti fi ń gba ìpè tẹlifóònù òkè òkun rí. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò tà á fún alágbẹ̀dẹ. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sọ ọ́ di awò rédíò, wọ́n sì ṣí i ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2017. Lónìí, Gánà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó bá Gúúsù Áfíríkà dìde fún iṣẹ́ SKA, awò rédíò tó máa tóbi jù ní ayé. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀.

Àwa náà ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Lánlátẹ̀ ní Ìbàràpá, tó pààlà pẹ̀lú Òkè-Ògùn, ni àwo ńlá tí Nàìjíríà fi ń bá òkè òkun sọ̀rọ̀ gba ojú ọ̀run nígbà náà wà. Àwọn àgbà tó ti ṣe kékeré nígbà náà rántí rẹ̀ dáadáa. Ohun tí Gánà ṣe ní Kuntunse kì í ṣe idán. Èrò ni, owó díẹ̀ ni, àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́. Mo ń ké sí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ti àpapọ̀: ẹ má ṣe jẹ́ kí ohun tó ti gbọ́ ohùn ojú ọ̀run rí di irin àjákù.

Ká tó dé orí àwo ńlá, ohun kékeré wà tí a lè ṣe. Nígbà tí MAXI J1820+070 bú ní ọdún 2018, kì í ṣe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ló wò ó. Awò tí ASAS-SN fi rí i kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 14 lọ, àwọn tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn kì í ṣe ìmọ̀ ìràwọ̀ sì ń ya á ní fọ́tò lóru láti ẹ̀yìnkùlé ilé wọn, wọ́n ń fi ìwọ̀n títàn rẹ̀ ránṣẹ́, àwọn onímọ̀ ńlá sì lò ó. Ilé-ìwé girama kan ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn tó bá ní awò kékeré kan, kámẹ́rà kan àti olùkọ́ físíìsì kan tó nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òkùnkùn wa tó jinlẹ̀ lẹ́yìn ìlú, èyí tí a ti ń ráhùn rẹ̀ nítorí àìsí iná, dúkìá ni fún ẹni tó ń wo ìràwọ̀. Àwọn ìlú ńlá òkè òkun ti pàdánù tiwọn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú ọmọ kan jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹsàn-án, ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ alẹ́, ní alẹ́ tí òjò bá dáwọ́ dúró tí ojú ọ̀run sì mọ́. Ẹ ní kó wo àtàrí rẹ̀ gangan. Ìràwọ̀ tó ń tàn yanran, tó wà sí ìhà ìlà-oòrùn díẹ̀ sí àtàrí, Altair ni orúkọ rẹ̀. Ní àtàrí gan-an, níbi tí ó dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, ni ihò dúdú náà wà. Ó dákẹ́ nísinsìnyí, àwo rẹ̀ tún ń kún díẹ̀díẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ náà pé yóò tún ya lọ́jọ́ kan, kó sì múra sílẹ̀ láti wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ rí i.